Ẹ̀sùn Bàbá Nílé Ìtọ́jú Àwọn Àgbà

Ẹ̀sùn tó ń dé ọ́fíìsì ìjọba lórí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà yìí ti pọ̀ jù. Aṣàyẹ̀wò ti wá fúnra rẹ̀, ó jókòó ti Bàbá tó ń fi ẹjọ́ sùn.

"Ọmọ mi, tíì wọn tutù nini. Mo jókòó lé fóòmù wọn, ó le koko. Nọ́ọ̀sì wọn sì ń rẹ́rìn-ín jù."

Aṣàyẹ̀wò kọjú sí ọ̀gá nọ́ọ̀sì.

"Ṣé bí ẹ ṣe ń fìyà jẹ àgbàlagbà nìyí?"

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀.

"Mà, Bàbá ò gbé ibí. Ìyàwó wọn ló ń gbé ibí. Màmá ní etí àwọn ló ń fẹ́ ìsinmi."

Ohùn kan rọra jáde látẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá Màmá.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ fún wọn pé mo ti sùn."

Bàbá na ìka sí ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi, kọ ìyẹn náà mọ́ ọn. Wọ́n ń sùn jù níbí."