Ìkeje Tí Kò Dún

Láti ìdájí ni àwọn olólùfẹ́ Irin Pupa ti ń bú wọn. Ẹgbẹ́ olórin mẹ́tàlì yìí, àwọn onígìtá aláriwo, gbé àwo orin tuntun jáde, wọn ò sì jẹ́ kó máa yí padà bá ọkàn ẹni tó ń gbọ́ ọ, bí gbogbo orin ayé ìsinsìnyí ti ń ṣe fún olúkúlùkù.

"Orin yìí ò mọ̀ mí rárá," ni ẹnìkan kọ. Òmíràn ní òun ń sunkún, orin ò sì rọlẹ̀ fún òun.

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣe lámèyítọ́ orin, mi ò sì tíì gbọ́ orin kan bí ẹlòmíràn ṣe gbọ́ ọ rí. Níbi ìgbéyàwó mi pàápàá, orin tí mo jó kọ́ ni ọkọ mi jó.

Èmi náà bú wọn. Mo kọ ọ́ pé ìlù orin kẹta ń kọsẹ̀: á dún lẹ́ẹ̀mẹfà, á fo ìkeje. Ó ku kí n fi ránṣẹ́ nígbà tí mo yà lọ́dọ̀ Bọ̀dá Láníhùn, tó ń bá mi tún bàtà ṣe. Òòlù wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kan gìgísẹ̀ bàtà náà lẹ́ẹ̀mẹfà, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà gbọ́ orin yẹn?"

"Ó bí mi nínú," wọ́n ní, "ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́wọ́ mi."

Wọ́n tún kàn án lẹ́ẹ̀mẹfà. Nígbà tó di ìkeje tí kò dún, àwa méjèèjì mi orí lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo pa gbogbo ohun tí mo kọ rẹ́, mo sì jókòó tì wọ́n.