Oje Tí Kò Gbàṣẹ Eèrà

Àlọ́ mi rá pálá, ó gun orí ewé, ó dá lórí Ọmọ Labalábá, kòkòrò tí omi dídùn bí oyin máa ń sun lára rẹ̀. Eèrà ló ń lá a. Kí adùn yìí má baà tán, Eèrà a máa sọ fún un láràárọ̀ pé, "Ọmọdé ni ọ́. Ọjọ́ tí mo bá ní o dàgbà lo tó dàgbà."

Nígbà tó yá, Ọmọ Labalábá kọ oúnjẹ, ó so ara rẹ̀ rọ̀ sábẹ́ ẹ̀ka. Eèrà fárígá, ó ní, "Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Bàbá, orí mi ló ń pọn oje kan sínú ara mi, tó ní kí n ṣe ọmọdé. Ó ti dáwọ́ dúró. Àyà mi ti ń pọn òmíràn tó ní kí n dàgbà. Èwo lẹ bá mi pọn níbẹ̀?"

Eèrà kó ará ilé rẹ̀ jọ, wọ́n yí i ká pé kò ní yí padà. Ọmọ Labalábá ti fi èèpo bo ara rẹ̀, inú èèpo náà ló ti dárin:

Eèrà ló ní n má dàgbà,
*Oje orí mi ò gbàṣẹ.*
Eèrà ló ní n má hùyẹ́,
*Oje orí mi ò gbàṣẹ.*
Ẹ ṣọ́ mi tọ̀sán tòru,
*Oje orí mi ò gbàṣẹ.*

Kí orin tó tán, èèpo ti là. Labalábá na ìyẹ́, ó fò kọjá lórí wọn, kò bojú wẹ̀yìn.

Bí mo bá parọ́, ẹ lọ wo abẹ́ ẹ̀ka náà. Èèpo òfìfo ni Eèrà ṣì ń ṣọ́ níbẹ̀, ó ń sọ fún un pé kò tíì dàgbà.