Lọ́rì Tí Wọn Ò Dán Wò Lófìfo

Mẹkáníìkì kan wà tó mọṣẹ́ dáadáa, àmọ́ kì í fara balẹ̀ parí ohunkóhun. Bó bá ti ṣe é dé ìdajì, á ní, "Ó ti tó." Bí gbogbo àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Ó-ti-tó nìyẹn. Òun náà á máa rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, gbé lọ́rì wá. Lọ́rì yìí ló fi ń bọ́ ìyàwó rẹ̀ àtọmọ mẹ́rin. Ó-ti-tó yọ bíréèkì àtijọ́ tó wà lẹ́yìn, ó fi èyí tó ní àwo irin rọ́pò rẹ̀. Ó wá ku kó yí fáàfù tó ń pín agbára bíréèkì sí iwájú àti ẹ̀yìn síbi tó yẹ. Bí ẹ̀yìn bá gbà jù, táyà ẹ̀yìn á dúró gbagidi kí tiwájú tó mú, ọkọ̀ á sì yí po.

Igba àpò sìmẹ́ǹtì ló wà nínú lọ́rì nígbà tí wọ́n dán an wò. Ó dúró ṣinṣin.

Bàbá arúgbó tó kọ́ Ó-ti-tó níṣẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ẹrù ló tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ yẹn o. Já a, kí o tún un dán wò lófìfo, lórí ilẹ̀ tútù."

"Ọ̀gá, igba àpò! Ta ló fẹ́ já a? Ó ti tó."

Ẹ̀gbọ́n wò ó lójú. "Àbúrò, ṣé kí n máa lọ?"

"Ẹ máa lọ jàre. Ṣé mo lè pa yín ni?"

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ ta ló ráyè ẹ̀sọ̀?

Lọ́sàn-án, òjò dé. Ó-ti-tó ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó rántí pé ẹ̀gbọ́n òun á ti já ẹrù, á sì máa sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè lófìfo. Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pè é lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n ò gbé e, torí kì í gbé fóònù bó bá ń wakọ̀. Ó tún pè. Ó tún pè. "Yéè, mo gbé!" Ó fò sórí alùpùpù, ó ń sáré nínú òjò, ó ń sunkún, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó gba ẹ̀mí òun dípò tẹ̀gbọ́n òun.

Nísàlẹ̀ òkè ló ti bá lọ́rì náà. Ó ti yí po, ẹ̀gbẹ́ ibi tí dírẹ́bà ń jókòó sí ti wọnú ògiri. Ẹ̀gbọ́n ò kú, àmọ́ wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n lajú ní ọsibítù, Ó-ti-tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò bú u. Ó wo ibi tí aṣọ ìbora ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ní, "Àbúrò, ṣé ó wá tó báyìí?"

Kò sẹ́ni tó tún gbé ọkọ̀ fún un ṣe mọ́. Lónìí, àpò sìmẹ́ǹtì ló ń rù káàkiri kó lè bọ́ ilé méjì, tirẹ̀ àti tẹ̀gbọ́n rẹ̀, àpò tó ní òun ò lè já lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò fara sin. Iṣẹ́ tí ẹ̀mí ọmọ ènìyàn bá rọ̀ mọ́ kò tíì parí, àfi bí a bá dán an wò níbi tó ti le jù. Bí àgbà bá ní ká tún un wò, ká tún un wò. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àbámọ̀ kì í sì í hu ẹsẹ̀ padà.