Ìbejì Inú Fọ́tò

Fọ́tò àtijọ́ ni Fọlárìn ń kùn ní Àrámọkọ. Bí ẹnìkan bá mú fọ́tò dúdú-òun-funfun bàbá rẹ̀ wá, Fọlárìn á yà á sínú kọ̀ǹpútà, á pa ojú ibi tí kòkòrò ti jẹ rẹ́, á fi àwọ̀ ara sí ojú, á fi àwọ̀ aró sí agbádá, bàbá tó ti kú tipẹ́ á sì jókòó bí ẹni tó jẹun yó láàárọ̀. Àwọn oníbàárà a máa sunkún bí wọ́n bá rí i. Fọlárìn kì í sunkún. Ó ti kun òkú títí ojú rẹ̀ ti yó. Á sún àga sí wọn, á máa wo títì títí wọn á fi nu ojú tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mọ̀mí Eunice wọlé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, Àkúrẹ́ ló ti padà wá sílé lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ó wé gèlè rẹ̀ wálẹ̀ dé ìtòsí ojú, bí àwọn ìyá ìjọ ṣe ń wé e. Ó tú fọ́tò kan jáde láti inú aṣọ. Ọmọbìnrin kékeré méjì ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú rẹ̀, gáwùn kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà.

"O kú uṣẹ́ o, ọmọ mi," ó ní. "Táyé mi nìyí. Èmi ni Kẹ́hìndé rẹ̀. Kékeré ló ti lọ."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ̀mí."

"Fọ́tò mìíràn ò sí. Ojú rẹ̀ ti ń parẹ́ lọ́kàn mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo fẹ́ tún rí i dáadáa kí èmi náà tó lọ."

Fọlárìn gbé fọ́tò náà sún mọ́ fèrèsé. "Àwọ̀ wo ni gáwùn wọn?"

"Àwọ̀ ewé. Kun méjèèjì bákan náà. Má fi nǹkan kún un, má sì yọ nǹkan kúrò."

"Ẹ ṣì rántí ọjọ́ tí wọ́n yà á?"

"Ulé wa l'Ókè-Ìmẹ̀sí ni. Òórùn àgbo gba gbogbo ulé lọ́jọ́ náà. Mo ń gbọ́ ohùn fọ́tógíráfà níta, ó ń ní kí Táyé gbórí sókè."

Fọlárìn ní ó dáa. Ọ̀rọ̀ àgbà nípa ìgbà èwe, ó ti gbọ́ ọ rí lóríṣiríṣi.

Nígbà tó fẹ fọ́tò náà lójú kọ̀ǹpútà, ó rí àpá kékeré kan níwájú orí ọmọ tó wà lápá òsì, ó rí bí èso ẹ̀wà. Ó wo ọmọ apá ọ̀tún. Àpá náà wà níbẹ̀, ibi kan náà gan-an. Gáwùn àwọn méjèèjì ká pọ̀ bákan náà lórúnkún. Ìlẹ̀kẹ̀ wọn yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà lọ́rùn.

Fọlárìn gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Fọ́tógíráfà ni bàbá tirẹ̀, òun ló sì sọ àṣà náà fún un. Láyé ọjọ́un, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú láìya fọ́tò, èyí tó kù ni wọ́n ń yà lẹ́ẹ̀mejì, wọn á wá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kan, kí ìbejì lè pé méjì lára ògiri. Èkejì ló ń jókòó dípò òkú.

Táyé ti kú nìyẹn kí fọ́tógíráfà tó dé. Ojú ara rẹ̀ ni ìyá yìí ti ń wò láti ìgbà náà, tó ń pè é ní Táyé.

Ó dun Fọlárìn. Ó yà á lẹ́nu pé ó dùn ún. Bó bá sọ ọ́, ìyá náà á tún pàdánù Táyé lẹ́ẹ̀kejì, kò sì ní í rí fọ́tò kankan gbá mú. Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ó pinnu pé òun á bá a dá Táyé kan.

Kò fọwọ́ kan ọmọ apá òsì ju àwọ̀ lọ. Ó fi àpá rẹ̀ sílẹ̀ pé Eunice nìyẹn. Ti apá ọ̀tún ló bá jà. Ó pa àpá rẹ́, ó jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún díẹ̀, ó yí ojú ìká gáwùn padà, ó sì fi ẹ̀rín díẹ̀ sí i lẹ́nu. Nígbà tó parí, ọmọ mìíràn ló jókòó síbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi sí férémù.

Ooru mú lọ́jọ́ tí Mọ̀mí Eunice padà wá. Ó jókòó, ó gbé férémù lé itan. Ó wo ọmọ apá òsì pẹ́, ó fi ìka kan àpá rẹ̀.

"Táyé," ó ní. "Táyé mi."

"Mọ̀mí," Fọlárìn rọra sọ, "ti ọ̀tún ni Táyé."

Ìyá náà yí ojú sí ọ̀tún. Ó sún férémù jìnnà, ó tún fà á mọ́ra.

"Ta nìyí?"

Fọlárìn sún mọ́ ọn láti wo férémù náà.

"Mo ní kí o má yọ nǹkan kúrò. Àpá ibí yìí dà?"

"Mọ̀mí, mo rò pé àpá yẹn, tiyín ni."

Mọ̀mí Eunice tú gèlè rẹ̀, ó fi nu òógùn. Iwájú orí rẹ̀ ń dán, kò sí àpá kankan níbẹ̀.

"Táyé ni àwọn méjèèjì, ọmọ mi," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ròkè, kò sì wálẹ̀, "àìsàn èéyi tó padà pa á ti kọ́kọ́ dá èmi dùbúlẹ̀ ní yàrá lọ́jọ́ náà, wọ́n ti gbà pé mo ti kú tán, ni wọ́n ṣe ní kí Táyé tún jókòó lẹ́ẹ̀kejì dípò mi."