Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Èso Gegemu

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé orí Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Àmọ̀pé, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà.

Kò sí ẹni tó mọ igi fò bí Àmọ̀pé. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ojú ọmọ pọ́n, ó ń bú àwọn àbúrò rẹ̀, ó sì ń já bọ́ lórí ẹ̀ka tí kò ga. Ìyá rẹ̀ kò jágbe mọ́ ọn. Ó rọra tọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí dé ilé Ọ̀yà, ó sì rí i tí Ọ̀yà ń pín èso gegemu, èso tó ń dani lórí rú, fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀yà ní, “Ẹ má bínú, Ìyá Àmọ̀pé. Ara ló ń mú yá.”

“Ó dáa. Pe àwọn ọmọ tìẹ, kí wọ́n jẹ ẹ́ lójú mi.”

Ọ̀yà ta gìrì, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra. “Èèwọ̀! Ọmọ tèmi kọ́!”

Àmọ̀pé wo èso ọwọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ nù, ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ gbé e pọ̀n, ó ń kọrin:

Àmọ̀pé ọmọ mi o,
*Tẹ̀rẹ́rẹ́.*
Má jìnnà sí mi o,
*Tẹ̀rẹ́rẹ́.*
Ohun tó ń ṣe ọ́, wí fún mi o,
*Tẹ̀rẹ́rẹ́.*

Ọjọ́ méje ni ara ọmọ fi ń gbọ̀n, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún gegemu. Ìyá rẹ̀ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ, Àmọ̀pé lajú, ó ní, “Màmá, ebi ń pa mí.” Inú ìyá rẹ̀ dùn dé ìrù.

Ohun tí mo fi pa àlọ́ yìí fún yín ni pé kí ẹ máa wojú ọmọ yín dáadáa, kí ẹ tó gbé ẹgba.