Àdúrà Tí Ẹnìkan Ò Gbà Rí

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni àwa tí à ń wá oyè ọ̀mọ̀wé àtàwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa máa ń ṣe ìpàdé àdúrà. Ẹ̀rọ tó ń mú àwọn tó bá jí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kọ ti wà lórí pẹpẹ báyìí. Bí iná rẹ̀ kò bá tíì di aláwọ̀ ewé, a ò gbọdọ̀ ṣe Àmín.

Ìbídùnní dìde, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Olúwa, ṣàánú fún wa."

Iná pupa tàn. Ẹ̀rọ ní, "Àwọn afọ́jú méjì ti sọ èyí ní Jẹ́ríkò."

Ojú ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Fátúróti, alága wa. "Ìwọ tó o fẹ́ di ọ̀mọ̀wé! Lọ tún un ṣe, kó o mú un wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá mi lọ́wọ́."

"Nítorí náà lo ṣe fẹ́ jalè?"

Ó wá ọ̀rọ̀ tuntun títí, kò rí. Ló bá bú sẹ́kún. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀: ta ló lè ní òun ló ni ẹkún?

Iná pupa tún tàn. "Jésù ti ṣe èyí ní Bẹ́tánì."

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi orí. "Ẹ ò rí i? Ó tún jí ẹkún!"