Kí Délégé Má Gbọ́

Adéṣínà ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní bòókẹ́lẹ́ ní Banikanni, àdúgbò kan ní Parakou.

Ó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ pásítọ̀ nílùú Òyìnbó, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Iṣẹ́ pásítọ̀ kẹ̀, ní Parakou láyé ìjọba Ìyípadà tí kò fẹ́ ẹ̀sìn, tí "ẹ kú àárọ̀" ti di "A ti múra fún Ìyípadà!", tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbé ìkúùkù sókè dáhùn pé, "Ìjà ń bá a lọ!"

Èèpo ìwé Lẹ́nìn ló fi bo ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Kamaráàdì gidi!

Ẹ̀rù ń ba tíṣà rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé.

"Bọ̀dá, wọ́n ní délégé, aṣojú ìjọba Ìyípadà ní àdúgbò yìí, ti ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta pa. Bó bá gbọ́ ńkọ́?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Tíṣà. Mo mọ̀ ọ́n. Kò lè fọwọ́ kàn mí."

Lónìí, tíṣà ń dán an wò. Ó bi í lédè Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ṣé ẹ ti múra?"

Adéṣínà ò tiẹ̀ ronú. Ó fò dìde, ó gbé ìkúùkù sókè, ó figbe ta: "A ti múra fún Ìyípadà!"

Tíṣà lanu. Kó tó pa á dé, àwọn tó ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé ti dá ohùn náà mọ̀.

Wọ́n dáhùn pa pọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń dá a lóhùn ní gbogbo ìpàdé:

"Ìjà ń bá a lọ, Délégé!"